Kàkúlétọ̀ ₦7,500 tí mo rà ní Tákíé, àti nọ́ńbà ńlá tí mo fi dán an wò

Kàkúlétọ̀ yìí tó owó tí wọ́n ń tà á. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí àléébù rẹ̀ tí mo máa kà sílẹ̀ níwájú kò kéré. Bí ẹ bá ní ọmọ tó wà ní SS2 tàbí SS3, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ LAUTECH, tí owó gọbọi kò sì sí nílẹ̀, ẹ rà á fún un. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi gùn tó báyìí ni pé ó ní ibi tí kàkúlétọ̀ náà ti ń jẹ́wọ́ pé agbára òun ò ká iṣẹ́ tí wọ́n gbé síwájú òun, ó sì ní ibi tó ti ń parọ́ gbuu láìṣẹ́jú. Ẹni tó ń tà á ò ní sọ fún yín. Bébà pélébé tó wà nínú páálí rẹ̀ sọ díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ìta gbangba nínú oòrùn ni mo ti kà á.

Lẹ́sìn ìṣirò ni mò ń ṣe fún àwọn ọmọ ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kàkúlétọ̀ kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ kan á sọ ti ẹ̀ nù, òmíràn á jókòó lé e, ẹlòmíràn á yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ ò ní dá a padà títí WAEC á fi parí. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń wá èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n tí a lè jọ máa lò ní kíláàsì, tí kò sì ní dójú tì mí níwájú wọn.

Ṣọ́ọ̀bù oníwèé kan ní Tákíé ni mo ti rí i. Bàbá àgbàlagbà ló ni ín, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, ó sì mọ ọjà tà. "Tíṣà, èyí tẹ́ ẹ mú dání yẹn, orígínà ni o." Ní Tákíé, kò sí nǹkan tí kì í ṣe orígínà lẹ́nu ẹni tó ń tà á. ₦9,000 ló pè é, mo ná an dé ₦7,500. Kí n tó yọ owó, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ dán an wò. Ẹ ṣe 2 plus 2, ẹ máa rí i pé 4 ló máa gbé jáde."

Kàkúlétọ̀ tí kò bá mọ 2 plus 2, kò sí ẹni tó máa gbé e wá sọ́jà. Nǹkan tí mo tẹ̀ ni 4294967297.

Mo ní ìdí tí mo fi yan nọ́ńbà yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ojú kàkúlétọ̀ náà kì í gbà ju díjíìtì mẹ́wàá lọ, díjíìtì mẹ́wàá gééré sì ni nọ́ńbà yìí ní. Kàkúlétọ̀ kékeré tí àwọn aláta fi ń ṣírò owó, èyí tó ní díjíìtì mẹ́jọ, ò lè gbà á wọlé rárá. Ìkejì ni pé kì í ṣe nọ́ńbà tí mo kàn rò lórí mi. Ẹ to 2 méjìlélọ́gbọ̀n sílẹ̀, kí ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ra wọn, 4,294,967,296 ló máa jáde. Ẹ wá fi 1 lé e. Nǹkan tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí ti dá ọ̀gbẹ́ni agbẹjọ́rò ará Faransé kan láàmú nígbà kan rí. Pierre de Fermat ni orúkọ rẹ̀. Ní 1640, ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun gbà pé gbogbo nọ́ńbà tó bá ní irú ẹ̀yà yìí (2 kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn, tí a wá fi 1 lé e), práímù ni wọ́n, ìyẹn nọ́ńbà tí nǹkan kan kì í pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ó rí 3, ó rí 5, ó rí 17, ó rí 257, ó rí 65,537. Práímù ni gbogbo wọn lóòótọ́. Nọ́ńbà tèmi yìí ló tẹ̀ lé wọn, Fermat ò sì rí ẹ̀rí kankan fà yọ, ó kàn dá a lójú ni.

Ní 1729, ará Jámánì kan, Christian Goldbach, kọ lẹ́tà sí Leonhard Euler, gbajúmọ̀ onímọ̀ ìṣirò, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1732 ni Euler dáhùn: 641 ń pín in, kò sì ṣẹ́ kù. Gbogbo ìgboyà Fermat fọ́ síbẹ̀.

Nítorí náà, bí kàkúlétọ̀ bá ní bọ́tìnì FACT, èyí tó ń tú nọ́ńbà palẹ̀ sí àwọn práímù tó kó ara wọn jọ di í, nọ́ńbà yìí ni mo máa ń fi wò ó. Mo tẹ nọ́ńbà, mo tẹ =, mo tẹ SHIFT, mo tẹ FACT. Ó rò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí jáde:

641×(6700417)

Bàbá náà yọjú wò ó, wọ́n ní, "Ó ti dáa, àbí?" Ó ti dáa. Mo sanwó.

Àmọ́ ẹ wo àkámọ́ tó wà lára 6700417 yẹn dáadáa. Nídìí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú. Nígbà tí mo gbé kàkúlétọ̀ náà dé kíláàsì, tí mo ní kí wọ́n túmọ̀ ohun tí wọ́n rí, àwọn kan ní àkámọ́ yẹn túmọ̀ sí pé 6700417 kì í ṣe práímù. Àwọn kan ní ó túmọ̀ sí pé práímù ńlá ni. Kò túmọ̀ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ibi tí mo lè dé nìyí." Àwọn práímù tí kò ju díjíìtì mẹ́ta lọ ni kàkúlétọ̀ yìí máa ń fi wò. Bó bá ti fi gbogbo wọn wò tán, tí nǹkan ńlá kan ṣì kù nílẹ̀ tí kò lè dá lẹ́jọ́, á fi àkámọ́ yí i ká, á sì dákẹ́.

Kí wọ́n lè gbà mí gbọ́, mo ní kí wọ́n tẹ 1022117. Àkámọ́ ló tún gbé jáde: (1022117). Bẹ́ẹ̀ 1009 lọ́nà 1013 ni. Àkámọ́ kan náà, ọ̀kan práímù ló wà nínú rẹ̀, èkejì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe àléébù nìyí rárá. Ẹ̀rọ tó bá sọ fún mi pé òun ò mọ̀, mo gbà á lọ́wọ́ kan. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni ti bébà inú páálí tó fi gbólóhùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ ọ́, ní ibi tí ọmọ kankan ò ní kà dé.

Báwo wá ni a ṣe máa mọ̀ bóyá 6700417 jẹ́ práímù, nígbà tí kàkúlétọ̀ ti jókòó? Ibí ni mo ti gbádùn owó mi jù. Nọ́ńbà tó bá máa pín 6700417, tó bá wà, kékeré jù nínú wọn ò ní ju 2588 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dán gbogbo práímù tó wà láti 2 dé 2588 wò, á pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá pín 6700417 ń pín 4294967297 náà, Euler sì ti fi hàn pé práímù èyíkéyìí tó bá ń pín 4294967297 yìí, tí a bá pín práímù náà fún 64, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ìdí nìyẹn tí òun fi tètè rí 641: 193, 257, 449 àti 577 nìkan ló wà níwájú rẹ̀ nínú irú wọn. Nígbà tó yá, ní 1878, ará Faransé mìíràn, Édouard Lucas, fi hàn pé 64 yẹn ṣeé sọ di 128. Tí ẹ bá wá fi 128 yẹn sẹ́ gbogbo práímù tí kò ju 2588 lọ, márùn-ún péré ló máa kù nínú asẹ́: 257, 641, 769, 1153, 1409.

Mo pín wọn fún àwọn ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà kan, kàkúlétọ̀ sì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tó gba 257 bá 170 tó ṣẹ́ kù. Ti 641, 44. Ti 769, 120. Ti 1153, 334. Ti 1409, 622. Kò sí ọ̀kankan tó pín in gééré. Práímù ni 6700417, ọmọ SS2 ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kò lè dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Mo rí ọmọ tó jẹ́ pé ó máa ń sùn lórí tábìlì, tó dìde dúró nítorí 622.

Ó yẹ kí n sọ pé ọmọdé kan ti ṣe èyí láìsí kàkúlétọ̀ rí. Zerah Colburn ni, ará Amẹ́ríkà, 1804 ni wọ́n bí i. Ìtàn sọ pé nígbà tí bàbá rẹ̀ ń gbé e kiri ìlú London kí àwọn ènìyàn lè wo bó ṣe ń fi orí ṣírò, wọ́n bi í léèrè nọ́ńbà yìí gan-an, ó sì fi ẹnu rẹ̀ sọ 641 àti 6700417. Èmi gbà á, àmọ́ mi ò ní sọ ọ́ létí àwọn ọmọ mi, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi pé mò ń ra kàkúlétọ̀ lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ dá 641 mọ̀ láìfọwọ́ kan bọ́tìnì, ọ̀nà kan wà tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ lójú bọ́ọ̀dù. 641 jẹ́ 5 × 2⁷ + 1. Ó tún jẹ́ 5⁴ + 2⁴, torí 625 àti 16 ni. Tí ó bá jẹ́ pé àṣẹ́kù lórí 641 nìkan ni à ń kà, ti àkọ́kọ́ sọ pé 5 × 2⁷ dà bákan náà pẹ̀lú −1. Ẹ gbé e sí pawa 4: 5⁴ × 2²⁸ di 1. Ti èkejì sì sọ pé 5⁴ dà bákan náà pẹ̀lú −2⁴. Ẹ fi rọ́pò rẹ̀: −2³² di 1. Nítorí náà 2³² + 1 kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ó parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju FACT lọ.

Àbúrò nọ́ńbà náà tún dára láti fi dán ẹ̀rọ wò, ìyẹn 4294967295. FACT tú u palẹ̀ láìsí àkámọ́ kankan: 3×5×17×257×65537. Gbogbo práímù márùn-ún tí Fermat rí ló tò síbẹ̀, kò dín, kò lé. Onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, Carl Friedrich Gauss, ti fi hàn ní 1796 pé rúlà àti kọ́ńpáàsì tó láti ya àwòrán tó ní ẹ̀gbẹ́ 17 tó dọ́gba, àwọn práímù Fermat ló sì ń darí ọ̀rọ̀ náà. Títí di òní, kò sí ẹni tó rí práímù Fermat kẹfà. Nítorí náà, nínú gbogbo àwòrán oníẹ̀gbẹ́ dídọ́gba tí iye ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe mẹ́jì-mẹ́jì, tí rúlà àti kọ́ńpáàsì lè yà, èyí tó pọ̀ jù tí a mọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ 4,294,967,295. Ẹni tó bá fẹ́ yà á, kó lọ wá bébà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára jù, ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo ló gbé e jáde. Mo kọ 256 sójú bọ́ọ̀dù, mo ní 2 pawa 8 ni. Ó ní, "Anti, iye odù Ifá nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ bàbá òun ní èèpo mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kó ṣíjú, ojú méjì nìyẹn, lọ́nà mẹ́jọ. Mo ní kó wá síwájú. Mo ní, tí bàbá rẹ bá wá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tẹ̀ léra ńkọ́, ọ̀nà mélòó ló lè gbà jáde? Ó tẹ 256×256×256×256, ó tẹ =. 4294967296. Kíláàsì pariwo. Ó kan tẹ 1 kún un ni, ó dé ọ̀dọ̀ Euler. Mo tún fi kún un fún wọn pé àdírẹ́sì tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní IPv4, nọ́ńbà mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255, ìyẹn ni pé iye wọn lápapọ̀ àti iye ìjáde ọ̀pẹ̀lẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹ́rin yẹn, ọgbọọgba ni. Ọmọ náà ní òun máa sọ fún bàbá òun. Mi ò tíì gbọ́ èsì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi irọ́.

Ẹ tẹ 2⁶⁴ + 1 − 2⁶⁴. Ọmọ Primary 4 mọ̀ pé 1 ni ìdáhùn. Kàkúlétọ̀ yìí sọ pé 0. Kò kọ Math ERROR, kò fi àkámọ́ sí i, kò ṣe nǹkan kan tó máa jẹ́ kí ẹ fura. Ó ń lọ bí onímọ́tò tí ẹrù já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí kò bojú wẹ̀yìn. Ohun tó fà á ni pé bí ojú rẹ̀ ṣe ń fi díjíìtì mẹ́wàá hàn, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún kò lè di ju bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mú. 2⁶⁴ ní ogún díjíìtì: 18,446,744,073,709,551,616. Èyí tó wà lẹ́yìn, ó dà á nù, 1 tí ẹ fi kún un sì bá a lọ.

Mo wo bí inú rẹ̀ ṣe jìn tó gan-an. Mo tẹ 111111111 lọ́nà ara rẹ̀. Ìdáhùn tòótọ́ ni 12345678987654321, nọ́ńbà tó ń gun òkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ 1.234567899×10¹⁶. Mo wá yọ 1.234567898×10¹⁶ kúrò nínú rẹ̀ kí n lè rí èyí tó fi pamọ́. 7654300 ló gbé jáde, dípò 7654321. Díjíìtì méjì tó kẹ́yìn ti lọ. Fún kàkúlétọ̀ ₦7,500, mo yìn ín. Èyí tí ó wọ́n jù ú lọ tí mo ti lò rí, bákan náà ló ṣe. Kàkúlétọ̀ tó bá fún yín ní 7700000 tàbí 0 níbi yìí, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò jìn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kan yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọ tó bá gbà pé ohun tó bá ti wà lójú kàkúlétọ̀ ti di òdodo, á kọ 0 sílẹ̀ nínú ìwé ìdánwò rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. 2⁶⁴ + 1 yẹn gan-an ni nọ́ńbà Fermat tó tẹ̀ lé tiwa, òun náà kì í ṣe práímù: 274,177 ló ń pín in gééré, 67,280,421,310,721 ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Fortuné Landry, ará Faransé, ló gbé èyí jáde ní 1880. Nígbà yẹn, kò sí kàkúlétọ̀ tó lè dójú tì í. Ti èyí tí mo rà, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú FACT ni ó kọ Math ERROR, torí ó ju díjíìtì mẹ́wàá lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀ o. Ó kàn jẹ́ pé mo fẹ́ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo ni.

Ní ti ara rẹ̀: bọ́tìnì rẹ̀ le, pàápàá jù lọ =, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó dún kó tó gbọ́. Àwọ̀ lẹ́tà tí wọ́n fi kọ iṣẹ́ SHIFT sórí àwọn bọ́tìnì ti ń parẹ́ lára èyí tí wọ́n ń tẹ̀ jù. Ìdérí rẹ̀ fúyẹ́ jù, ó máa fọ́. Páálí rẹ̀ sọ pé ó ń lo sólà. Irọ́ ni. Mo yọ bátìrì rẹ̀, mo gbé e sínú oòrùn ọ̀sán gangan, ojú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣẹ́. Gíláàsì dúdú tó wà lókè yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni. Nítorí náà ẹ ra bátìrì kan sílẹ̀, irú kékeré tó rí rìbìtì, kí ó má baà kú sí ọmọ lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́. JAMB kò kàn án, torí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ gbé kàkúlétọ̀ tirẹ̀ wọlé, ti inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń lò.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, mi ò ní ẹjọ́ púpọ̀. Bàbá gbà kí n dán ọjà wò kí n tó sanwó, ìyẹn kì í wọ́pọ̀ láàárín ọjà. Nígbà tí mo padà lọ sọ ọ̀rọ̀ sólà fún wọn, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ₦7,500, ẹ tún fẹ́ oòrùn sí i?" Wọ́n fi bátìrì kan ṣe ẹ̀bùn fún mi. Wọn kì í kọ rìsíìtì àfi tí ẹ bá bèèrè, ẹ bèèrè. Orí káńtà níbẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ 4294967297, kí ẹ tẹ FACT. Bí kò bá mú 641 wá, ẹ má san kọ́bọ̀.